Dígí Tí Mo Fi Dábùú Ìmọ́lẹ̀ Ọláídé

Ẹ jókòó tì mí, Màmá Ọláídé. Ẹ má tíì gbàdúrà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ògì wá fún mi lórí ibùsùn àìsàn yìí láti àdúgbò Challenge lójoojúmọ́, ẹ ò mọ ẹni tí ẹ ń bọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí n kò fẹ́ gbé wọ sàréè.

Ní ọdún 1997, èmi Olúbùsọ́lá àti ọmọ yín jọ ń ṣe ìwádìí lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Gbádérọ̀. Ọláídé gbé ẹ̀rọ kan sójú fèrèsé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní àdúgbò Agbowó, èkejì wà nínú ilé tó dojú kọ ọ́ lódìkejì títì. Kò sí wáyà láàárín wọn. Ìmọ́lẹ̀ bíńtín ló ń rán gba inú afẹ́fẹ́, lẹ́yọ lẹ́yọ, láti fi pín nọ́ńbà àṣírí tí èèyàn méjì lè fi ti ọ̀rọ̀ wọn pa. Ó máa ń ní, "Bùsọ́lá, ẹni tó bá yọjú wò ó lọ́nà ti bà á jẹ́ nìyẹn. Àṣìṣe á pọ̀, a ó sì mọ̀ pé olè wà níbẹ̀."

Èmi ni olè náà. Òun ni Ọ̀jọ̀gbọ́n yàn pé kó lọ sókè òkun, inú mi ò sì gbà á. Èmi ni mo ń ṣọ́ ẹ̀rọ Agbowó. Bó bá ti sọdá sí òdìkejì, màá fi dígí tẹ́ẹ́rẹ́ kan dábùú ẹnu ẹ̀rọ. Bó bá ń padà bọ̀, màá yọ ọ́. Àṣìṣe ń pọ̀ sí i. Ó pariwo pé ẹnìkan ń yọjú. Wọ́n ní irọ́ ló ń pa.

Ọ̀jọ̀gbọ́n bi mí níwájú ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ọ̀rọ̀ náà wò pé, "Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹ̀rọ yìí?" Dígí náà wà nínú báàgì lórí itan mi. Mo ní, "Rárá, sà. Ọláídé ló ń hùmọ̀ nọ́ńbà." Bí wọ́n ṣe lé e kúrò nídìí iṣẹ́ náà nìyẹn.

Kò gbà. Lọ́jọ́ Sátidé kan, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ó gun òrùlé tó wà lókè fèrèsé tí mo ti ń ṣọ́ ẹ̀rọ. Ó ní, "Bùsọ́lá, láti ìta ni ẹni tó ń yọjú náà ń gbà dé ẹnu ẹ̀rọ. Ṣé o ò rí nǹkan kan?" Ká ní mo sọ pé, "Èmi ni, sọ̀ kalẹ̀," ì bá sọ̀ kalẹ̀. Ó nà sí iwájú kó lè rí ẹnu ẹ̀rọ. Páànù yọ̀ ọ́. Màmá, ọwọ́ rẹ̀ di etí fèrèsé mú fún ìṣẹ́jú àáyá kan, mi ò sì na tèmi títí ó fi já bọ́ sísàlẹ̀. Bí mo bá dijú, ọwọ́ náà ni mo ń rí.

Wọ́n sọ fún yín pé orí rẹ̀ ti dàrú, pé ó mọ̀ọ́mọ̀ bẹ́ ni. Ṣọ́ọ̀ṣì yín kò sì ṣe ìsìn ìkẹyìn fún un. Mo wà níbẹ̀, mo ń bá yín sunkún.

Kò bẹ́, Màmá. Èmi ló ń wá. Ẹ pe Ọ̀jọ̀gbọ́n àti wòlíì yín wá, n óò tún un sọ níwájú wọn nígbà tí mo ṣì lè sọ̀rọ̀. Mo tọrọ àforíjì. Bí ẹ bá fẹ́ gbé ògì yín kí ẹ máa lọ, n kò ní pè yín padà.