Fáìlì Ìyá Aránṣọ

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Ó ti rẹ̀ mí. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí nínú láti ọdún mẹ́sàn-án, mi ò sì lè gbé e wọ sàárè.

Ẹ mọ̀ pé èmi ni mò ń tọ́jú fáìlì ní ọ́fíìsì ilẹ̀. Mi ò tò wọ́n ní nọ́ńbà. Orí mi nìkan ló mọ ibi tí kálukú wà. Ọ̀gá ò lè ṣe kó má pè mí. Ìgbà tí wọ́n wá ní gbogbo ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ máa wọ inú kọ̀ǹpútà, àyà mi já. Kí ni wọ́n tún fẹ́ fi èmi ṣe? Àwọn ará ìlú náà ò fẹ́ ẹ. Wọ́n á tò sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á di ìwé wọn mọ́ àyà: "Bí iná bá lọ ńkọ́? Ṣé ilẹ̀ wa náà á bá a lọ ni?" Dípò kí n là wọ́n lóye, èmi àgbàyà ń da epo sí iná: "Ẹ ò tíì rí nǹkan kan!"

Ìyá Aránṣọ nìkan ni kò bẹ̀rù. Opó ni, ilẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ló kọ́ yàrá méjì sí. Ó kó ojúlówó ìwé rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀rọ ni mo fi ń jẹun, Bàbá. Ẹ fi tèmi ṣáájú." Inú bí mi. Mo ki ìwé náà bọ inú fáìlì rẹ̀, mo sì gbé gbogbo rẹ̀ relé. Èrò mi ni pé kọ̀ǹpútà á wá a tì, ariwo á ta, èmi á wá "rí" i lọ́jọ́ kẹta, wọ́n á mọ̀ pé èèyàn ṣì wúlò.

Àfi bí ọkùnrin tó ń ta pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Ìyá Aránṣọ ṣe gbé ìwé kan dé lọ́jọ́ kejì, tó da ilẹ̀ obìnrin náà pọ̀ mọ́ tirẹ̀. Kò sí fáìlì tó máa ta kò ó, ni wọ́n bá gbà á wọlé sínú kọ̀ǹpútà. Ìyá Aránṣọ sáré wá, ó di apá mi mú: "Bàbá, ẹ̀yin lẹ gba ìwé mi. Ẹ sọ fún wọn." Ọ̀gá ń wò mí. Bí mo bá sọ òótọ́, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Mo ní, "Mo gbà á, mo sì ti kó o fún àwọn oníkọ̀ǹpútà. Ẹ lọ bi ẹ̀rọ wọn." Ẹnu tí mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí ni mo fi sọ ọ́!

Ilẹ̀ di ti onípákó, wọ́n sì wó yàrá méjèèjì. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́, wọ́n kó ìwé wọn pamọ́. Títí dòní, kọ̀ǹpútà ni obìnrin yẹn ń ṣépè fún. Ó wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ èmi: "Ẹ̀yin ṣe tiyín, Bàbá."

Fáìlì náà ló wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi yìí. Ẹ má bò mí láṣìírí. Bàbá yín jalè. Ẹ bá mi bẹ Ìyá Aránṣọ, kí ẹ sì tẹ̀ lé e lọ gba ilẹ̀ rẹ̀. Ó ní òun ń gbé oúnjẹ bọ̀ fún mi lọ́sàn-án yìí. Ẹ má jẹ́ kí n fọwọ́ kan oúnjẹ náà kí n tó sọ fún un.