Irọ́ Ọtí Tí Mo Pa Mọ́ Òkú Mùdáṣírù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ka ìwé yìí, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tẹnu mi. Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ ọ́. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń gbé irọ́ kan káàkiri, àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé mi lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá kò jẹ́ kí n lè gbé e mọ́.

Káfíńtà ni mí, Ìkòtún ni mò ń gbé. Nígbà tí owó epo dé, tí gbogbo ilé iṣẹ́ ńlá ń fẹ́ ilé àwòṣífìlà tiwọn ní Marínà, èmi àti Mùdáṣírù ọ̀rẹ́ mi jọ ríṣẹ́ sí ọ̀kan nínú wọn. Alájà méjìdínlógún ni. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Mùdáṣírù. Ẹ̀gbẹ́dá ni òun, ìyàwó rẹ̀ àti Múnírátù ọmọ wọn ń gbé. Kì í mutí. Bí a bá ń jẹun lọ́sàn-án tí ẹnì kan bá ṣí ọtí, ńṣe ló máa gbé abọ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Wọ́n ń lé wa bí ẹran níbi iṣẹ́ náà, torí wọ́n ti dá ọjọ́ tí àwọn èèyàn pàtàkì máa wá ṣí ilé. Lọ́jọ́ kan, pákó tán lókè. Fọ́mánù wa ní kí n lọ tú èyí tí a fi dí ẹnu ihò lífìtì ní àjà kẹsàn-án.

Mo ní, "Ọ̀gá, èèyàn lè já sínú ẹ̀ o."

Ó ní, "Ṣé ìwọ lo nilé ni? Lọ tú u, jàre."

Mo tú u. Mi ò ta okùn síbẹ̀, mi ò fi ẹnikẹ́ni ṣọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ fi ìyẹn pa mọ́.

Mùdáṣírù ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun ọ̀sán tán nísàlẹ̀. Ó gbé irin lé èjìká, ó ń bọ̀ wá bá wa lókè. Èèyàn gbọ́dọ̀ gba iwájú ihò yẹn kó tó dé àtẹ̀gùn kejì, ibẹ̀ sì máa ń ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan. Ìró irin tó ń já lọ sínú ihò la kàn gbọ́. Nígbà tí a fi máa sáré délẹ̀, ó ti kú.

Fọ́mánù gba ìgò ògógóró lọ́wọ́ lébìrà kan, ó dà á sára aṣọ òkú lójú mi. Ó wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ìwọ lo tú pákó. Bí ọlọ́pàá bá dé, sọ pé ó mutí yó ni. Bí o bá sọ nǹkan mìíràn, ìwọ lo pa á."

Mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo fọwọ́ sí ìwé tí ọlọ́pàá kọ ọ́ sí. Ilé iṣẹ́ yọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ní ọ̀mùtí ló ṣe ara rẹ̀ léṣe. Kò pẹ́ tí wọ́n fi mí ṣe olórí àwọn káfíńtà, mo sì gbà á. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣílé, kò sẹ́ni tó dárúkọ Mùdáṣírù. Èmi náà dúró níbẹ̀, mò ń pàtẹ́wọ́.

Lọ́jọ́ tí a sin ín, ìyàwó rẹ̀ bi mí lójú gbogbo èèyàn pé, "Bọ̀dá Làsísì, ẹ̀yin lẹ jọ wà níbẹ̀. Ṣé lóòótọ́ ni?" Mo tẹrí ba. Mo ní, "Ẹ ní sùúrù, Ìyá Múnírátù. Kò sẹ́ni tí kì í ṣàṣìṣe." Àtìgbà yẹn ni wọ́n ti ń pè é ní ìyàwó ọ̀mùtí ní àdúgbò.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, ó mú Múnírátù wá sílé mi. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni báyìí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé kéwú ń sọ pé ọtí ló pa bàbá rẹ̀, ó sì ti kọ̀, kò lọ mọ́. Ìyá rẹ̀ ní, "Ẹ bá mi sọ irú èèyàn tó jẹ́ fún un. Ẹ̀yin lẹ mọ bàbá ẹ̀ jù."

Ìyàwó mi jókòó síbẹ̀, kò mọ òótọ́ ọ̀rọ̀ náà. Mo la ẹnu. Mo ní, "Bàbá rẹ dáa. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló mu ún."

Ọmọ náà yíjú sí ìyá rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ò rí i? Òótọ́ ni wọ́n ń sọ." Ìyá rẹ̀ dìde, ó mú un lọ́wọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó lọ.

Inú ń bí mi sí fọ́mánù yẹn. Inú ń bí mi sí gbogbo àwọn tó ń gun lífìtì yẹn lójoojúmọ́ tí wọn ò mọ ẹni tó kú nídìí ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, fọ́mánù kò sí nílé mi. Kò sẹ́ni tó di ọrùn mi mú. Ẹnu ara mi ni mo fi pa Mùdáṣírù lẹ́ẹ̀kejì, lójú ọmọ rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ọlọ́pàá lè mú mi, mo sì ní ọmọ mẹ́rin. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé kí n fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ọdún mẹ́ta ni mo ti fi ń ṣe ìyẹn. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé mọ́ṣáláṣí Ẹ̀gbẹ́dá ni kí n ti lọ sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn, àbí kí n kọ́kọ́ lọ bá Ìyá Múnírátù àti ọmọ rẹ̀ nílé? Bí mo bá sì débẹ̀, ta ni kí n kọ́kọ́ wò lójú, ìyá ni àbí ọmọ?