Kéréètì Tó Ṣẹ́ Lábẹ́ Mi Lọ́jà Ọba

Rárá o, Àǹtí Ìbíjọkẹ́, ẹ má pa òwe ahọ́n àtẹnu fún mi, iṣu tí ẹ gbé wá láti Ọ̀tan-Ilé yẹn, ẹ jẹ́ kó wà lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀ ná, mi ò tíì gbà á. Bọ̀wálé àbúrò yín ló ṣẹ̀ mí, kì í ṣe kéréètì. Kéréètì ò bá mi mulẹ̀. Òun la jọ ń ṣiṣẹ́, tí mo bá gbé oúnjẹ fún ọkọ mi, mo gbé tiẹ̀ náà sílẹ̀, òun ló mọ̀ pé nǹkan náà máa ṣẹ́, tó sì jẹ́ kí n gùn ún lójú gbogbo ọjà. Wallahi, ó mọ̀!

Ẹ jẹ́ n là á yé yín, torí ohun tó sọ fún yín ò lè jẹ́ gbogbo ẹ̀. Ọmọ alápẹ̀rẹ̀ ni mí, apẹ̀rẹ̀ tòmátì ni ìyá mi fi tọ́ mi l'Ọ́jà Ọba. Nígbà tí àbúrò yín dé pé ká máa ṣe kéréètì, kí rọ́bà ẹ̀ jẹ́ ti sítáàṣì pákí, kí òun máa yọ́ ọ pọ̀ mọ́ èèpo kòkó lílọ̀, èyí tí àwọn àgbẹ̀ yín ń dà nù sóko, pé tó bá gbó, ilẹ̀ á jẹ ẹ́ bó ṣe ń jẹ ewé, ta ló kọ́kọ́ gbà á gbọ́? Ṣebí èmi ni. Àwọn ará ilé mi ní ṣé orí mi pé. Èmi ni mo ń sá èèpo yẹn lẹ́yìnkùlé mi l'Ókè Fíà níbí títí gbogbo ilé fi ń rùn, torí tí omi bá kù nínú ẹ̀ pẹ́nrẹ́n, kéréètì á wú, á sì máa bó.

A jọ mọ ìwọ̀n ẹ̀ ni. Kóńgò èèpo kan sí kóńgò rọ́bà mẹ́ta, a ò gbọdọ̀ kọjá ẹ̀. Tí èèpo bá kéré, kéréètì á rọ̀, á tẹ̀ tó bá ru ẹrù. Tó bá pọ̀ jù, á le, ẹ ó fìka gbá a, á dún bíi pákó, inú yín á dùn, àmọ́ kò ní yi. Èyí tó yi á tẹ̀ ná, á máa ké, ẹni tó wà lórí ẹ̀ á ti sọ̀. Èyí tó kàn le, kì í kìlọ̀ fẹ́nikẹ́ni. Wéré báyìí, ó ti ṣẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ẹ mọ bí mo ṣe ń tajà. Àwọn aláta ò gba ọ̀rọ̀ ẹnu, apẹ̀rẹ̀ ló mọ́ wọn lọ́wọ́. Màá dojú kéréètì délẹ̀, màá bọ́ bàtà, èmi Nọ́síràtù, pẹ̀lú ara tí Ọlọ́run fi jíǹkí mi yìí, màá gun orí ẹ̀, màá jó díẹ̀, àwọn ìyá á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á rà á. Ara mi ni mo fi ń ṣẹ̀rí fún iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀! Ó sì máa ń dúró tì mí.

Jímọ̀ tó kọjá yìí, ó gbé kéréètì tuntun wá, ó ní òun tún un ṣe, ó ti dáa sí i. Mo gbá a, ó le. Mo ní Bọ̀wálé, ọwọ́ ẹ ń ròkè. Mo gùn ún. Mi ò tíì jó ijó náà dénú tí mo fi bá ara mi nílẹ̀, ìbòrí mi ṣí, ọrùn ẹsẹ̀ mi yí. Astagfirullah, àwọn alábàárù pàápàá ń fi mí rẹ́rìn-ín! Ìyá Kàósárà, oníbàárà mi àtọjọ́ pípẹ́, ní àṣé irọ́ ni mo ti ń pa fáwọn látìgbà yìí.

Mo bi í lẹ́yìn náà. Ó ní àwọn olùkọ́ òun níléèwé tó ti ń ṣe másítà fẹ́ kí èèpo pọ̀ ju rọ́bà lọ. Ó ní òun ti fi ẹ̀rọ ibẹ̀ tẹ àwọn pẹ́lẹ́bẹ́ kéékèèké tí òun fi ìwọ̀n tuntun yẹn ṣe wò, gbogbo ẹ̀ ló ń ṣẹ́ láìtẹ̀. Òun wá fẹ́ mọ̀ bóyá odidi kéréètì náà á ṣe bẹ́ẹ̀. Àǹtí, ẹ gbọ́ ná! Ṣé kò sí àpò iyanrìn ni? Ṣé òkúta ti tán l'Óṣogbo? Èmi abiyamọ, èmi ló fi ṣe òkúta.

Ẹ dúró, ẹ jẹ́ n parí ẹ̀. Kì í ṣe ìṣubú yẹn ló ń dùn mí. Ẹsẹ̀ á san, in ṣáà Allah. Nígbà tí mo wà nílẹ̀, mo rí i tó ń sáré bọ̀, mo nawọ́ sí i. Ó kọjá lára ọwọ́ mi. Ó lọ mú àfọ́kù kéréètì, ó gbé e sójú oòrùn, ó ń wo ibi tó ti ṣẹ́. Aláta kan tí mi ò mọ orúkọ ẹ̀ ló fà mí dìde. Ó dùn mí, Àǹtí, ó dùn mí wọra. Ẹni a fẹ̀yìn tì ló yẹ̀ mọ́ni lẹ́yìn un.

Mo gbọ́ pé ó ń sunkún. Kó máa sun ún. Ohun tí mo ń fẹ́ ò sí nínú iṣu. Kó wá s'Ọ́jà Ọba, kó dúró láàrin àwọn aláta lọ́sàn-án gangan, kó la ẹnu ẹ̀, kó ní, "Èmi mọ̀ pé ó máa ṣẹ́. Nọ́síràtù ò mọ̀." Kó má fi òyìnbó kún un. Tí kò bá wá, ẹsẹ̀ dídì yìí náà ni màá fi wá bá yín l'Ọ́tan-Ilé. Ṣebí ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà lẹ ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí ẹ ó fi gbowó yín? Èmi ọmọ Òṣogbo á lóṣòó síwájú ilé bàbá yín, ọ̀rọ̀ ni màá gbà, kì í ṣe owó.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ rín in dáadáa. Pẹ̀lú ara mi yìí, tí mo bá fi lè lóṣòó tán, kò sí ẹni tó máa lè gbé mi dìde níbẹ̀ ní gbogbo Ọ̀tan-Ilé.