Èmi Ni Mo Yọ Ewé Àárín Ìwé Màmá Ìgèdè

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi kí ẹ tó kà á tán. Ọ̀rọ̀ kan wà níkùn mi tí mi ò sọ fún pásítọ̀ mi, tí mi ò sì sọ fún àwọn ọmọ mi. Mo tú ilé onílé ká nítorí ewé ìwé kan ṣoṣo. Ẹni tí mo ṣẹ̀ jù ti kú. Mo ń sọ ọ́ báyìí torí pé ewé náà ti padà sọ́wọ́ mi, mi ò sì mọ ẹni tó yẹ kí n gbé e fún.

Ọmọ Òṣogbo ni mí, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé Adó-Èkìtì. Ìwé àlòkù ni mo ń tà ní àdúgbò Adébáyọ̀. Nígbà tí ọkọ mi kú, mo bá àwọn páálí kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, kọ́míìkì àtijọ́ ló kún inú wọn. Àwọn àgbà inú yín á rántí irú rẹ̀. Wọ́n máa ń ya fọ́tò àwọn eléré, wọ́n á tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn, wọ́n á wá kọ ọ̀rọ̀ oníkálukú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀. Mo ti fẹ́ kó wọn fún àwọn elépà kí wọ́n máa fi pọ́n ẹ̀pà. Àbúrò mi ló ní kí n dúró, ó fi fóònù ya wọ́n, ó sì gbé wọn sórí ayélujára. Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi ń pè mí láti Èkó, àti láti òkè òkun.

Bí mo ṣe di oníkọ́míìkì nìyẹn. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fún ìwé ní máàkì. Tí ẹ̀yìn ìwé bá ti là, máàkì rẹ̀ á wálẹ̀. Tí pínnì tó so ewé rẹ̀ pọ̀ bá ti dípẹtà, á wálẹ̀. Tí ewé kan bá sọnù nínú rẹ̀, kò sí ẹni pàtàkì tí yóò fẹ́ ẹ mọ́. Àwọn iléeṣẹ́ kan wà lókè òkun tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n yẹ ìwé wò, kí wọ́n fún un ní máàkì, kí wọ́n sì dì í pa sínú ike líle tó mọ́ gaara.

Oníbàárà mi kan wà ní Kánádà, ọmọ Yorùbá ni. Ó ń wá ìwé kan lójú méjèèjì. Mo ní ìwé náà, èèpo rẹ̀ sì ń dán bí ẹni pé àná ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n kò ní ewé àárín. Mo sọ fún ọkùnrin náà pé ó pé. Mo rò pé màá rí òmíràn tí màá fi dí i.

Àsìkò yẹn gan-an ni Màmá wá.

Ìgèdè ni Màmá ń gbé, lọ́dọ̀ Fẹ́mi ọmọ rẹ̀ àti Ṣadé ìyàwó Fẹ́mi. Ṣadé ló mú un wá, torí ojú Màmá ti ń ṣe bàìbàì. Ẹnìkan ti sọ fún wọn pé mo máa ń tún ìwé tó ti gbó rán.

"Ẹ kú uṣẹ́ o, Ìyá Bọ́lá," Màmá kí mi bí àwọn ará Èkìtì ṣe máa ń kíni. Ó gbé ohun kan tí wọ́n fi gèlè wé sórí tábìlì mi. "Ùwé ọmọ mi rèé. Ẹ bá mi rán an kó má baà já. Ẹ má ṣí i púpọ̀ o."

Ìwé kan náà ni. Èèpo tirẹ̀ ti ya, omi ti kán sí i lára, ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ pé.

Màmá sọ fún mi pé àkọ́bí òun, Yẹ́misí, wà lórí ewé àárín rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló bá àwọn eléré ya fọ́tò, ó ṣe nọ́ọ̀sì. Ọdún tó tẹ̀lé e ló kú. Lẹ́yìn náà ni iná jó ilé wọn, gbogbo fọ́tò rẹ̀ sì jóná. Aládùúgbò kan ló yá ìwé yìí lọ, òun ló jẹ́ kó ṣẹ́kù. Kò síbòmíràn láyé tí ojú ọmọ náà tún wà. Alaalẹ́ ni Ṣadé máa ń ka ìwé náà sí i létí, tí Màmá á sún mọ́ iná, tí á máa wo ọmọ rẹ̀.

Mo gbọ́ gbogbo èyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Mo gbọ́ ọ dáadáa.

Nígbà tí wọ́n lọ, mo ṣí pínnì ìwé Màmá, mo yọ ewé àárín. Mo rí Yẹ́misí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní èjí. Ó jọ Màmá débi pé mo gbé ewé náà kalẹ̀. Mo lọ mu omi. Mo padà wá, mo sì kì í bọ inú ìwé tèmi tí mo fi ránṣẹ́ sí Kánádà.

Ebi ò pa mí. Kò sí ọmọ tó ń ṣàìsàn. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ọkùnrin Kánádà yẹn máa ń yìn mí láàárín àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀, mi ò sì fẹ́ kó pè mí ní òpùrọ́. Mo sọ fún ara mi pé ojú Màmá ò ríran dáadáa mọ́, kò ní mọ̀.

Mi ò rántí Ṣadé.

Nígbà tí wọ́n padà wá, ó ṣí ìwé náà níwájú mi. "Mà, ewé àárín dà?"

Mo ní, "Bí ẹ ṣe gbé e wá ni mo ṣe rán an."

"Mà, ó wà níbẹ̀. Mo kà á fún Màmá kí n tó wé e."

Mo wo ojú rẹ̀, mo ní, "Bóyá kí ẹ tún wo inú ilé dáadáa. Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ kàn án kẹ́yìn kí ẹ tó gbé e wá."

Màmá ń fi ìka wá àárín ìwé náà. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ìyàwó, ìwọ lo sọ fún mi lọ́jọ́sí pé kí n jẹ́ kí òkú sinmi."

Ṣadé ń sunkún. "Màmá, inú ló bí mi lọ́jọ́ yẹn."

Ẹ jọ̀ọ́, mo dúró síbẹ̀, mi ò lanu.

Ilé náà ò rójú mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Fẹ́mi gba ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ gbọ́. Ó ní kí Ṣadé gbé ewé náà jáde tàbí kó máa lọ. Ṣadé kó lọ sí Ìyìn, níbi tó ti ń ṣe tíṣà. Màmá kú lẹ́yìn ìgbà náà. Wọ́n ní ó ń pe Yẹ́misí títí ó fi dákẹ́, ó sì kọ̀ kí wọ́n ránṣẹ́ sí Ṣadé. Mo lọ síbi ìsìnkú náà. Mo jẹun níbẹ̀.

Ohun tó burú jù ni pé ọ̀dọ̀ mi ni Ṣadé máa ń wá sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀. Tó bá wá sí Adó, á yà sí ṣọ́ọ̀bù mi, á jókòó, á sunkún. Ó ní èmi nìkan ni kò bú òun. Mo máa ń ra píọ́ wọ́tà fún un.

Láìpẹ́ yìí ni ọkùnrin Kánádà fi ìwé náà ránṣẹ́ padà. Àwọn tó ń fún ìwé ní máàkì kọ̀ láti dì í. Wọ́n rí i pé ihò ewé àárín kò bá ojú pínnì mu, àwọ̀ rẹ̀ sì pọ́n ju ti àwọn yòókù lọ. Ó ní, "Mà, mo fọkàn tán yín." Kò tún pè mí mọ́.

Mo mú ewé náà, mo wọkọ̀ lọ sí Ìyìn. Mo kúnlẹ̀ níwájú Ṣadé, èmi tí mo lè bí i lọ́mọ, mo jẹ́wọ́. Kò pariwo. Ó wo fọ́tò náà fún ìgbà pípẹ́, ó sì dá a padà fún mi.

Ó ní, "Ẹ má fún Fẹ́mi."

Mo ní, "Ṣadé, jẹ́ kó mọ̀ pé o ò ṣe é."

"Ó mọ̀ mí, Mà. Ó fẹ́ mi, ó bá mi gbélé, síbẹ̀ ó gbà pé mo lè ṣe é. Tí ẹ bá gbé e fún un, á wá bẹ̀ mí. Àwọn ẹbí á tẹ̀lé e, pásítọ̀ á tẹ̀lé e, wọ́n á bẹ̀ mí títí màá fi padà. Mi ò fẹ́ padà síbẹ̀." Ó dìde, ó ṣílẹ̀kùn fún mi. "Ẹ má sì jẹ́ kí n tún rí yín mọ́."

Bí mo ṣe bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Adébáyọ̀ báyìí, Fẹ́mi ni mo pàdé. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó tún dúpẹ́ pé mo wá sin ìyá òun. Ó ti rù gan-an.

Ó ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá tún rí irú ìwé yẹn níbikíbi, ẹ pè mí. Ọmọ kékeré ni mí nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kú. Inú ìwé yẹn nìkan ni mo ti mọ ojú rẹ̀, ó sì ti ń kúrò lọ́kàn mi."

Mo ní màá máa bá a wò ó.

Ewé náà wà nínú báàgì tí mo gbé kọ́ apá.

Ẹ̀yin èèyàn, tí mo bá fún un, mo tún ṣẹ Ṣadé lẹ́ẹ̀kejì. Tí mi ò bá fún un, mo ṣì ń ja Fẹ́mi ọmọ Màmá lólè lójoojúmọ́. Ẹ bú mi bí ẹ bá fẹ́, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá bú mi tán, ẹ sọ fún mi, nínú àwọn méjèèjì, ti ta ni kí n gbọ́?