Ọwọ́ Mi Ni, Kì í Ṣe Ọwọ́ Èṣù

Wọ́n ti dájọ́ ikú fún mi. Adájọ́ ní kí wọ́n yẹgi fún mi títí ẹ̀mí yóò fi bọ́ lára mi, mi ò sì mọ ọjọ́ tí wọn yóò ṣí ilẹ̀kùn yàrá yìí kí wọ́n pè mí jáde. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi, ẹ má fi orúkọ mi da ara yín láàmú. Ọmọ Agbamu ni mí, mẹ́káníìkì ọ̀kadà ni mí, mo sì pa ẹni tí a jọ jẹun nínú àwo kan ṣoṣo.

Dáre ni orúkọ rẹ̀. A kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ìyá tó bí mi kú nígbà tí mo ṣì kéré, bàbá mi sì ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Ìyá Dáre, opó tó ń ṣoko kajú àti iṣu ládùúgbò wa, ló gbà mí tọ́. Ó ní òun kò ní jẹ́ kí ọmọ ọ̀rẹ́ òun jìyà. Màámi ni mò ń pè é. Mo fi ọdún díẹ̀ ju Dáre lọ, nítorí náà bọ̀ọ̀dá ló ń pè mí. Bí Màámi bá pín ẹran, ó ń dọ́gba. Bí ó bá rán aṣọ Kérésìmesì, láti ara ìgàn aṣọ kan náà ni. Síbẹ̀, ojú mi kì í kúrò lára bí ó ṣe ń wo Dáre. Mo máa ń sọ fún ara mi pé, "Tìrẹ, àánú ni. Ti Dáre, ìfẹ́ ni." Kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Èmi ni mo dá a sọ, èmi ni mo dá a gbọ́.

Ibi kékeré ló ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo fọ́ àmù omi Màámi níbi tí mo ti ń ṣeré. Nígbà tó ti oko dé tó bi wá léèrè, mo nawọ́ sí Dáre, mo ní, "Òun ni." Dáre wò mí. Màámi nà án. Ó yẹ kí àánú rẹ̀ ṣe mí. Ká má parọ́, ó dùn mọ́ mi. Ọjọ́ yẹn ni mo rí i pé èèyàn lè ṣẹ̀ kí ẹlòmíràn sì jìyà rẹ̀.

A dàgbà. Dáre fẹ́ràn ìwé, ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Òrò. Èmi fi ìwé sílẹ̀ nítorí pé mo ya ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, màá ní, "Ṣé ọmọ òrukàn ni wọ́n máa rán lọ sílé ìwé?" Irọ́ ni. Màámi bẹ̀ mí títí kí n tún ìdánwò ilé ìwé tí mo fìdí rẹmi nínú rẹ̀ ṣe. Mo lọ kọ́ṣẹ́ títún ọ̀kadà ṣe ní Ọ̀mù-Àrán, mo sì mọ iṣẹ́ náà dunjú.

Ohun kan wà tí mo gbà pé tèmi nìkan ni, ìyẹn ohùn mi. Nínú ìjọ wa, èmi ni mo máa ń dá orin fún ẹgbẹ́ akọrin. Nígbà tí Dáre parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ tó padà wá ń ṣe tíṣà, ó ti mọ dùùrù tẹ̀, ó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ lórin. Kò pẹ́ tí wọ́n fi í ṣe olórí akọrin, òun ló sì wá ń yan ẹni tí yóò dá orin. Lọ́jọ́ tí pásítọ̀ kéde rẹ̀, gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́, Màámi dìde, ó jó. Èmi náà pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n inú mi ń jó bí iná.

Mo lọ bá pásítọ̀, mo ní mo rí Dáre níbi tó ti ń mutí pẹ̀lú àwọn obìnrin ní Òrò. Wọ́n dá a dúró nínú akọrin. Nígbà tí wọ́n wádìí tí àṣírí tú, wọ́n dá Dáre padà sípò, pásítọ̀ sì pè mí.

"Kí ló dé tí o fi parọ́ mọ́ àbúrò rẹ?"

Mo dọ̀bálẹ̀, mo bú sẹ́kún. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, iṣẹ́ Èṣù ni. Èṣù ló lò mí."

Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n lé ẹ̀mí ìlara jáde, gbogbo wa ṣe àmín. Kò sí ẹni tó ní kí n lọ bá Dáre. Èmi náà kò lọ. Òun ló wá bá mi, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ó ti tán nínú mi." Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, mo sì tún kórìíra rẹ̀ sí i, nítorí pé ó jù mí lọ níbẹ̀ náà.

Nígbà tí ìkórè ìjọ kù sí dẹ̀dẹ̀, Dáre gbé ọ̀kadà rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ọ̀mù-Àrán. Kò gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹ́káníìkì mìíràn rí.

"Ẹ bá mi wo bíréèkì yìí, kò mú dáadáa. Àwọn akọrin ń dúró dè mí ní Agbamu." Ó wá rẹ́rìn-ín. "Bọ̀ọ̀dá mi, mo ti sọ fún pásítọ̀. Ẹ̀yin lẹ máa dá orin àkọ́kọ́ lọ́jọ́ ìkórè. Kò sí ẹni tó lè dá a bíi tiyín."

Ṣé ẹ rí i? Ohun tí mò ń wá gan-an ló gbé lé mi lọ́wọ́. Ẹlòmíràn ì bá dúpẹ́. Létí tèmi, ó dà bí ìgbà tí wọ́n ju egungun sí ajá. Mo ní nínú ara mi pé, "Ta ló fi í ṣe ẹni tí yóò máa bu orin mi fún mi?"

Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó ń kọrin lóhùn ìsàlẹ̀. Mo mú sípánà. Dípò kí n fún nọ́ọ̀tì bíréèkì le, mo tú u títí ó fi kù díẹ̀ kó bọ́. Mo ní yóò kàn ṣubú ni, yóò dá lẹ́sẹ̀, a ó sì ṣe ìkórè láìsí i níbẹ̀. Ara mi ni mò ń tàn. Mo mọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lójú ọ̀nà Agbamu, mo sì mọ àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gba ibẹ̀. Kí Dáre tó dìde, àyè wà fún mi láti yí ọkàn padà. Mi ò yí i padà.

"Ṣé ó ti dára?"

"Ó ti dára. Máa lọ."

"Ẹ ṣé, bọ̀ọ̀dá mi."

Kò pẹ́ tí ariwo fi ta. Ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà ló ti wọ abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti fi ewé bò ó. Mo ju ara mi mọ́lẹ̀, mo ké ju gbogbo èèyàn lọ. Ìbànújẹ́ wà nínú ẹkún mi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí Ọlọ́run ṣàánú mi, bí wọ́n ṣe ń di Màámi mú, ọkàn mi ń sọ pé, "Èmi nìkan ló kù fún un báyìí."

Ọkùnrin tó ń ta páàtì ọ̀kadà lódìkejì ṣọ́ọ̀bù mi ti rí mi níbi tí mo ti ń tú nọ́ọ̀tì náà, ó sì rí i pé mi ò dè é padà. Ó sọ fún ọlọ́pàá. Ní kóòtù, wọ́n bi mí bóyá mo ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Mo ní, "Iṣẹ́ Èṣù ni, Olúwa mi."

Màámi wá wò mí lẹ́wọ̀n. Ó ti rù kan eegun. Ó gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín dání, bí ẹni pé ilé ìwé ni mo wà.

"Ta ló pa Dáre?"

"Màámi, Èṣù ni."

"Èṣù mọ ọ̀kadà tú?"

Ó dìde, ó lọ.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń rò ó. Ádámù nawọ́ sí obìnrin, obìnrin nawọ́ sí ejò, síbẹ̀ wọ́n lé wọn jáde nínú ọgbà. Èṣù lè dán èèyàn wò, mi ò jiyàn, ṣùgbọ́n kò bá mi di sípánà mú. Ìlara yẹn, èmi ni mo tẹ́ ẹní fún un, èmi ni mo fún un lóúnjẹ. Ní gbogbo ìgbà tí mò ń ti Èṣù síwájú, èmi ni Jésù fẹ́ dárí jì, èmi ni kò sì yọjú.

Ó pẹ́ kí Màámi tó tún wá. Bí mo ti rí i, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Màámi, èmi ni. Ẹnikẹ́ni ò tì mí. Mo ti ń jowú rẹ̀ láti kékeré. Mo tú bíréèkì rẹ̀, mo sì sọ fún un pé ó ti dára."

Ó sunkún títí wọ́dà tó ń ṣọ́ wa fi gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mi ò tíì mọ bí màá ṣe dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n òní lo ṣẹ̀ṣẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀. A lè wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà."

Ìdájọ́ mi kò yí padà. Mi ò sì sọ pé wọ́n ṣi ẹjọ́ mi dá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ní Agbamu, ní Ìjàrà-Ìsin, níbikíbi tí ẹ bá wà, bí ire ẹlòmíràn bá ń ta yín lójú, ẹ má sáré pe Èṣù. Ara yín ni kí ẹ kọ́kọ́ pè. Ẹ má dúró sọ́dọ̀ pásítọ̀ nìkan, ẹ lọ bá onítọ̀hún fúnra rẹ̀, kí ẹ ní, "Mò ń jowú rẹ, mo sì ti ṣẹ̀ ọ́." Ojú yóò tì yín. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín. Èmi tí mo ti fojú rí méjèèjì ń sọ fún yín pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ ọ́ nígbà tí ẹni tí ẹ ṣẹ̀ ṣì wà láàyè tó lè dáhùn. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ ọ́ fún Dáre nínú yàrá yìí. Kò dá mi lóhùn rí.