Eku Ilé Tí Mo Gbé Lọ Sábàtà Nyuma

Ẹ dúró níbi tí ẹ wà, ẹ má sún mọ́ ẹnu ọ̀nà mi. Ibà tó pa Ìyá Tewa ti mú èmi Fallah náà, n kò sì fẹ́ kú mọ́ irọ́ tí mo pa. Nyuma, ọmọ rẹ̀, tó dúró lẹ́yìn yín yẹn, òun ni mo ṣẹ̀ jù.

Gbogbo àwa ẹ̀yà Kissi là ń jẹ eku oko, àmọ́ èmi ni mo mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Eku àbàtà àti eku ilé jọra bí ìbejì. Ẹ dá abo dùbúlẹ̀: ti àbàtà, ọmú rẹ̀ ò tó nǹkan, ti ilé, ọmú tò dé itan bíi ti ajá. Ti ilé kì í gbé inú omi, ti àbàtà kì í sùn lájà. Nítorí ìmọ̀ yìí làwọn oníṣègùn òyìnbó ṣe ní kí n máa dẹ pàkúté fún àwọn, kí wọ́n lè mọ ibi tí eku alárùn, tí ìtọ̀ rẹ̀ ń fa ibà yìí, ń gbé.

Àbàtà tí Nyuma ti ń gbin ìrẹsì wọ̀ mí lójú. Mo mú eku ilé, èyí tó lárùn gan-an, nínú yàrá ara mi, mo kó wọn sínú pàkúté tó wà níbẹ̀. Àwọn oníṣègùn gbà mí gbọ́. Baálẹ̀ lé Nyuma kúrò, ó ní kí n máa ṣọ́ ibẹ̀. Nígbà tó yá, mo ní mo ti pa eku ibẹ̀ tán, mo gbin ìrẹsì tèmi. Olè ni mí.

Ìyá Tewa wá bá mi. "Fallah, bí eku burúkú bá ń gbé àbàtà, ta ló ń tọ̀ sórí ìrẹsì mi nínú ilé?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Ìyá, tiyín ò lárùn. Ó kàn ń bá yín ṣọ̀yàyà ni."

"Ẹnu ẹ dùn bíi ti ẹni tó jẹ ohun olóhun. Ṣé kí n bo ìrẹsì mi ni?"

Ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá gbà á là. Mo ní, "Ẹ má da ara yín láàmú."

Ibà náà mú un, ẹ̀jẹ̀ ló ń bì nígbà tó ń kú.

"Má dárúkọ ìyá mi mọ́," Nyuma ló ń sọ yẹn. "Àbàtà mi ni kí o dá padà. Ẹ̀bẹ̀ ẹ ò ṣeé sè jẹ."

Mo ti dá a padà, tòun ti ìrẹsì tó gbó síbẹ̀. Ẹ dárí jì mí, ẹ̀yin tó bá lè ṣe é. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ lọ bo oúnjẹ yín. Inú ilé ni eku náà wà.