Agogo Mi Lórí Òkè Lẹ̀sótò

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún Olúwa ná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún ò ní jẹ́ kí n pẹ́ níbẹ̀. Bàbá, mo dúpẹ́ o! Ìròyìn òkú mi ni ẹ ò bá gbọ́, àmọ́ ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi rìn wọ ṣọ́ọ̀ṣì yìí.

Ẹ mọ̀ pé Fúnmiláyọ̀ ọmọ mi bímọ ní Lẹ̀sótò, ìlú olókè kan tí Saút Áfíríkà yí po, níbi tí Délé ọkọ rẹ̀ ti ń ṣe tíṣà. Akọ̀wé ìjọ wa ló ka lẹ́tà wọn fún mi. Mo wọ ọkọ̀ òfúrufú, mo lọ wẹ ọmọ. Nígbà tó kù díẹ̀ kí n padà wálé, Délé ní òun máa fi mọ́tò mú èmi àti Fúnmiláyọ̀ tòun tọmọ gun òkè, kí n lè rí ìlú náà dáadáa.

Ẹ mọ̀ mí, mi ò kì í jáde láìmú sùtánà àti agogo àdúrà mi. Délé rí agogo lọ́wọ́ mi, ó bú sẹ́rìn-ín. Onítẹ̀bọmi ni. "Màámi, ẹ̀yin àti agogo yìí! Ṣé aísìkiriìmù lẹ fẹ́ lọ tà lórí òkè ni?" Mo ní, "Wa mọ́tò ẹ, jàre."

Háà! Ọlọ́run mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣe! Àwa tí à ń fi òkè ẹ̀yìnkùlé wa yangàn ní Ìlọfà níbí, ẹ jẹ́ ká panu mọ́. Ọ̀nà yẹn ń lọ́, ó ń lọ́. Tẹ́ ẹ bá wo ìsàlẹ̀, ẹ ó rí ibi tẹ́ ẹ gbà kọjá lẹ́ẹ̀kan, ó rí tín-ín-rín bí okùn ewúrẹ́. Omi ń já látorí àpáta, ó ń kọ mànà. Àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ń gun ẹṣin, wọ́n da búláńkẹ́ẹ̀tì bora lọ́sàn-án gangan. Àgùntàn wọn pọ̀ lọ súà, wọ́n sì so agogo mọ́ wọn lọ́rùn. Délé ní, "Màámi, ẹ wo àwọn ọmọ ìjọ yín!" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Nígbà tá a dé ténté òkè, ọkàn mi kún. Mo ní kó dúró. Aládùúrà wo ló máa dé irú òkè yẹn tí ò ní gbàdúrà? Mo wọ sùtánà, mo bọ́ bàtà, mo rìn wọnú koríko, mo dijú. Àdúrà yẹn dùn, mo gbàgbé ara mi. Ìgbà tí mo máa lajú, kùrukùru ti bo gbogbo ayé. Mi ò rí mọ́tò mọ́. Aṣọ funfun nínú kùrukùru funfun, ta ló máa rí mi?

Mo sún síwájú. Ẹsẹ̀ mi kan etí àpáta, ó tutù bí omi àmù. Mo na àtàǹpàkò ẹsẹ̀ síwájú, kò kan nǹkan kan. Yéè! Ọ̀gbun ni! Mo fẹ́ pariwo, àdúrà ti há mi lóhùn. Mo rọra jókòó, ẹ̀rù ń bà mí gidigidi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lu agogo, wọnwọnwọn.

Àṣé Délé ń gbọ́ ọ! Ó ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Àgùntàn nìyẹn." Ó wá kọrí síbòmíràn, ó ń wá mi. Èmi ò mọ̀ o. Mo kàn ní, "Olúwa, ó dọwọ́ rẹ." Ẹ̀mí Mímọ́ ní kí n lù ú bá a ṣe ń lù ú níbí tí ìsìn bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀: mẹ́ta, kí n dákẹ́, mẹ́ta, kí n dákẹ́, mẹ́ta.

Fúnmiláyọ̀ tẹ́ ẹ tọ́ nínú ìjọ yìí figbe ta: "Àgùntàn wo ló ń lu mẹ́ta-mẹ́ta? Yèyé mi nìyẹn!"

Délé fi ọwọ́ àti orúnkún rá kòrò tẹ̀lé ìró agogo, títí ó fi gbá aṣọ mi mú. Ó fà mí sẹ́yìn, ó ń sunkún bí ọmọdé. Nígbà tí kùrukùru ká, a rí i pé ìgbésẹ̀ kan péré ló kù. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, odò ń ṣàn láàárín koríko tútù minimini. Ó dára débi pé mo gbàgbé pé ó fẹ́ pa mí.

Ẹ bá mi yọ̀, ará! A jọ dé ni, Délé rèé lórí bẹ́ńṣì. Láàárọ̀ yìí, ó ti ti ilẹ̀kùn tán, ó tún ṣí i padà. Mo ní kí ló gbàgbé? Ó ní, "Agogo yín, Màámi." Òun ló gbé e wá. Délé ọmọ mi, dìde, lù ú fún Jésù: mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́ta. Kí ìjọ dáhùn Halelúyà!